Káàdì Ọmọ Mi Kò Lábùkù

Ẹ̀rí tí mo fẹ́ jẹ́ yìí kì í ṣe irú èyí tí ìjọ ń dìde jó sí. Mo bí ọmọkùnrin kan, ìyá yè, ọmọ yè, ṣùgbọ́n n kò fẹ́ràn ọmọ náà. Ẹ kò ṣì mí gbọ́. Mo ń fún un lọ́mú, mo ń wẹ̀ ẹ́, mo ń pọ̀n ọ́n, kò sì sí abẹ́rẹ́ àjẹsára kan tí n kò gbé e lọ gbà. Síbẹ̀, bí mo bá wo ojú rẹ̀, nǹkan kan kì í mì nínú mi. Ẹni tó bá wá gbọ́ iṣẹ́ tí mo ń ṣe, ẹnu yóò tún yà á jù bẹ́ẹ̀ lọ: ìtọ́jú ọmọ ọwọ́ ni mo fi ń jẹun. Òṣìṣẹ́ ìlera ni mí ní ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé kan ní ìhà Ìbá, irú àwa tí ìwé ìjọba ń pè ní CHEW, tí àwọn ìyá ọlọ́mọ ń pè ní nọ́ọ̀sì bí a kò tilẹ̀ kàwé nọ́ọ̀sì.

Kò sẹ́ni tó fura, nítorí pé káàdì ọmọ mi kò lábùkù. Gbogbo obìnrin tó bá ti bímọ ní Èkó mọ káàdì tí mò ń wí. Ó gba abẹ́rẹ́ ọjọ́ ìbí, ó gba ti ọ̀sẹ̀ 6, ti ọ̀sẹ̀ 10, ti ọ̀sẹ̀ 14, kò pẹ́ ọjọ́ kan. Ìlà ìwọ̀n rẹ̀ ń gòkè bó ṣe yẹ kó máa gòkè. Èmi fúnra mi ni mò ń kọ ọ́, ọwọ́ ìkọ̀wé mi sì dára. Àmọ́ kò sí àyè kankan lórí káàdì yẹn tí wọ́n ti ń béèrè bóyá ìyá ń rẹ́rìn-ín sí ọmọ, tàbí bóyá ọmọ ń wá ojú ìyá rẹ̀.

Kí Dúrótìmí, ọmọkùnrin yìí, tó dé, mo ti bí ọmọbìnrin kan. Títílayọ̀ ni a sọ ọ́. Yàrá kan là ń gbé ní Okokomaiko nígbà náà. Ibà mú ọmọ lóru ọjọ́ kan, òjò ti sọ àdúgbò di ẹrẹ̀, kò sí ọlọ́kọ̀ tó fẹ́ wọlé wá gbé wa. Ó kú kó tó mọ̀ ọ́n jókòó. Nílẹ̀ wa, òbí kì í sin ọmọ, nítorí náà àwọn àgbà kò jẹ́ kí n mọ ibi tí wọ́n tẹ́ ẹ sí. Gbogbo ẹni tó wọlé wá kí wa, ọ̀rọ̀ kan náà ló wà lẹ́nu wọn: omi ló dànù, agbè kò fọ́. Wọ́n ní kí n nu ojú mi nù, òmíràn ń bọ̀. Kò pẹ́ tí mo fi padà sẹ́nu iṣẹ́, tí mo tún ń wọn ọmọ ọlọ́mọ. Láti ìgbà náà, ẹnikẹ́ni kò dárúkọ Títílayọ̀ létí mi mọ́. Ó wá dà bíi pé a kò bí i rí.

Nígbà tí ọmọkùnrin dé, ìyá ọkọ mi ló sọ ọ́ ní Dúrótìmí. Ó kìlọ̀ fún mi pé kí n má máa gbé e jó lójú èrò, kí n má sì máa yìn ín lẹ́wà, kí ayé má baà gbọ́. Obìnrin tí ọmọ ti kú fún rí ni òun náà, ìbẹ̀rù ló ń sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n mo gbé ìkìlọ̀ náà kọjá ibi tó fi í sí. N kò pe orúkọ ọmọ náà rárá. "Ọmọ yìí" ni mò ń pè é: ọmọ yìí ti jí, ọmọ yìí ti yàgbẹ́, ẹ bá mi gbé ọmọ yìí. Àyìndé ni oríkì rẹ̀, n kò fi kì í lẹ́ẹ̀kan. Bí mo bá ń fún un lọ́mú, fóònù ni mò ń wò, tàbí ògiri. Mo ti pinnu nínú ara mi, láìsọ fún ọkọ mi, pé bí eléyìí bá tún fẹ́ lọ, kò ní rí nǹkan kan mú lọ lára mi.

Ọmọ náà sì gbọ́ ohun tí n kò sọ. Ó di ọmọ jẹ́jẹ́. Àwọn ará ilé ń yìn ín pé, "Ìyá Dúró, ọmọ yín mà dáa o, kì í dààmú èèyàn." Ó pé oṣù mẹ́rin, kò rẹ́rìn-ín sí ẹnì kankan. Bí ebi bá ń pa á, yóò sunkún díẹ̀, yóò dákẹ́, yóò kọjú sí ògiri. Èmi tí mo mọ àmì gbogbo àìsàn ọmọdé, n kò ka èyí mọ́ wọn.

Màtírọ́ọ̀nù kan ni Ọlọ́run lò fún mi. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e wá sí sẹ́ńtà wa ni, àgbàlagbà tó ku díẹ̀ kó fẹ̀yìn tì, tó ti lọ kẹ́kọ̀ọ́ nípa ìlera ọkàn ọmọdé ní Ìbàdàn. Màmá ni gbogbo wa ń pè é. Lọ́jọ́ abẹ́rẹ́ kan, bí mo ṣe gbé ọmọ mi sórí òṣùwọ̀n, ó wá dúró tì mí.

"Ìyá Dúró, ọmọ rẹ ń wá ojú rẹ."

"Ó ti lé ní kílò mẹ́fà, mà," ni mo dá a lóhùn.

"N kò béèrè ìwọ̀n. Mo ní ó ń wá ojú rẹ. Ó wá a lẹ́ẹ̀kan, ó wá a lẹ́ẹ̀kejì, ó ti wá jáwọ́."

N kò rí èsì fọ̀. Nígbà tí èrò túká, ó pè mí sí yàrá, ó ti ilẹ̀kùn. Mo rò pé ó fẹ́ bá mi wí ni. Ohun tó bi mí ni pé, "Ta ló ń tọ́jú ìwọ?" Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ẹkún mọ́ mi lẹ́nu.

Ọjọ́ náà ló bi mí ní ìbéèrè mẹ́wàá kan. Wọ́n ń pe ìbéèrè náà mọ́ ìlú Edinburgh. 1987 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde láti fi dá ìsoríkọ́ mọ̀ lára ìyá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, Ọ̀jọ̀gbọ́n Abíọ́dún Adéwùyà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì ti dán an wò lára àwọn obìnrin Nàìjíríà, wọ́n gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 2005. Màmá túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá fún mi lẹ́sẹẹsẹ. Ṣé mo ṣì ń rí ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín? Ṣé mo ń dá ara mi lẹ́bi lórí ohun tí kì í ṣe ẹ̀bi mi? Nígbà tó dé ìkẹwàá, èyí tó ń béèrè bóyá èrò àtiṣe ara mi léṣe ti sọ sí mi lọ́kàn, mo dákẹ́. Ìdákẹ́ náà tó o ní èsì. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, òun fúnra rẹ̀ ló mú mi lọ bá dókítà, kò jẹ́ kí n dá lọ. Mo lo oògùn, mo sì ń padà lọ rí dókítà títí ó fi ní ó tó. N kò ní fi èyí pamọ́, nítorí pé ọ̀pọ̀ wa ń jẹ́rìí àdúrà, a kì í jẹ́rìí oògùn. Mo gbàdúrà o. Mo lo oògùn pẹ̀lú.

Ṣùgbọ́n oògùn kò lè gbé ojú mi kúrò lára ògiri kó gbé e sí ojú ọmọ. Màmá ló ṣe ìyẹn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í yà sílé wa lẹ́yìn iṣẹ́. Kò kó ìmọ̀ràn kankan wá. Yóò fa àpótí kan, yóò jókòó, yóò máa wò wá. Àwa òṣìṣẹ́ ìlera kò mọ ìjókòó bẹ́ẹ̀. Ẹnu wa ni iṣẹ́ wa: ṣe báyìí, má ṣe tọ̀hún, ìyá, ẹ ò gbọ́ ohun tí mo sọ ni? Òun á kàn jókòó. Bí mo bá ti ń fi ṣíbí le ọmọ lójú jù, á bá ọmọ sọ̀rọ̀: "Màámi, ẹ ṣe sùúrù, n kò tíì gbé ti ẹnu mi mì." Bí ọmọ bá yí ojú kúrò lára mi, tí mo rò pé ó kọ̀ mí ni, Màmá á ní, "Ó rẹ̀ ẹ́ díẹ̀ ni. Dúró, yóò padà wá." Lóòótọ́, bí mo bá ní sùúrù, ó máa ń padà wá. N kò mọ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Kò sí ẹni tó kọ́ mi níléèwé pé ọmọ ọwọ́ tó gbójú kúrò ń sinmi ni, kó lè tún rí agbára wò ọ́.

Lọ́jọ́ kan ó kàn bi mí wẹ́rẹ́ pé, "Èyí tó lọ ńkọ́? Kí lorúkọ rẹ̀?" Mo ní Títílayọ̀. Ó ní kí n sọ bó ṣe rí fún òun. Mo sọ nípa irun rẹ̀, nípa bó ṣe máa ń fi ọwọ́ di etí mi mú tó bá ń mu ọmú, nípa òru ọjọ́ tí kò sí ọkọ̀. Mo sọ ọ́ títí ilẹ̀ fi ṣú, Màmá kò sì sọ pé omi ló dànù. Dúrótìmí wà lórí ẹsẹ̀ mi ní gbogbo ìgbà náà.

N kò lè tọ́ka sí ọjọ́ tí nǹkan yí padà. Mo kàn rí i pé mo ti ń pè é ní Àyìndé, pé ó ń yí ọrùn tẹ̀lé ohùn mi, pé ó ti ń fi ẹkún jà bí mo bá pẹ́ dé. Ọmọ jẹ́jẹ́ di aláriwo. Àwọn ará ilé ní kí ló dé sí i. Inú mi dùn sí ariwo náà ju bí mo ṣe lè sọ lọ.

Nígbà tó yá ni Màmá jẹ́ kí n mọ̀ pé ohun tí òun ṣe fún mi kì í ṣe àánú lásán. Iṣẹ́ ni, wọ́n ń kọ́ ọ, ìlera ọkàn ọmọ ọwọ́ ni wọ́n ń pè é, ohun tó sì rọ̀ mọ́ ni pé ìwọ kò lè tọ́jú ọmọ ọwọ́ ní òun nìkan. Ohun tó wà láàárín òun àti ẹni tó ń tọ́ ọ ni o ń tọ́jú. Obìnrin kan ní Amẹ́ríkà, Selma Fraiberg, tó ṣiṣẹ́ ní Michigan, wà lára àwọn tó là ọ̀nà náà. Ilé àwọn ìyá ló ń rán àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ lọ, wọ́n á jókòó tì wọ́n ní kíṣìnì. Ní 1975, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ọ́ pé ìbànújẹ́ àtẹ̀yìnwá tí òbí kò sunkún rẹ̀ tán a máa bá ọmọ tuntun wọ yàrá, a sì máa dúró sí àárín wọn. Mo kà á, mo rántí ilé wa. Láyé àtijọ́ ni àwa ti mọ irú ìbẹ̀rù bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ àbíkú ni a fi ń sọ ọ́. A ń fi orúkọ bẹ ọmọ pé kó má lọ. Ìyá rẹ̀ ni a kì í bi léèrè pé, èyí tó lọ, báwo ló ṣe ṣe ọ́?

Èkejì tí mo kà ni ti Edward Tronick. Ní àwọn ọdún 1970, ó ní kí àwọn ìyá kọ́kọ́ bá ọmọ wọn ṣeré, lẹ́yìn náà kí wọ́n mú ojú wọn gan, kí wọ́n má rẹ́rìn-ín, kí wọ́n má fèsì, fún ìṣẹ́jú díẹ̀ péré. Ọmọ á rẹ́rìn-ín sí ìyá, á na ọwọ́, á ké, á tún gbìyànjú. Nígbà tí kò bá rí èsì, á gbójú kúrò, ara rẹ̀ á wó lulẹ̀. Mo pa ìwé náà dé. Ohun tí ìyá wọ̀nyẹn ṣe fún ìṣẹ́jú díẹ̀, tí wọ́n sì tètè rẹ́rìn-ín lẹ́yìn rẹ̀, oṣù mẹ́rin gbáko ni mo fi ṣe é fún ọmọ mi.

Kí ẹnikẹ́ni má wá sọ pé ẹ̀kọ́ òyìnbó ni gbogbo èyí. Mary Ainsworth, tí gbogbo ayé ń dárúkọ bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ ìsopọ̀ ìyá àti ọmọ, ilẹ̀ Yùgáńdà ló ti kọ́kọ́ jókòó ti àwọn ìyá, ní 1954 àti 1955. Ìdílé 26 ló ń bẹ̀ wò ní ilé wọn. Ìwé tó kọ lórí wọn jáde ní 1967. Ọ̀dọ̀ àwọn ìyá aláwọ̀ dúdú tó ń pọnmọ, tó ń gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀, ló ti rí i pé ọmọ a máa fi ìyá rẹ̀ ṣe ibi ìfẹ̀yìntì, yóò rá lọ wo ayé, yóò sì rá padà wá.

Nílé wa níhìn-ín pẹ̀lú, Adéwùyà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún tẹ ìwádìí mìíràn jáde ní 2008: ọmọ tí ìyá rẹ̀ sorí kọ́ lẹ́yìn ìbímọ kì í dàgbà tó ẹgbẹ́ rẹ̀ ní oṣù kẹta àti oṣù kẹfà, àìsàn sì ń ṣe é léraléra. Ti Dúrótìmí kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé ìyá rẹ̀ mọ òṣùwọ̀n lò. Ìdí nìyẹn tí n kò fi gba ìwọ̀n gbọ́ mọ́ bí òun nìkan bá ń jẹ́rìí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyè Gúrèjé àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ìbàdàn náà, nínú ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2019, fi hàn pé àwa òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé, bí wọ́n bá kọ́ wa, lè tọ́jú aboyún tó sorí kọ́, kí púpọ̀ nínú wọn sì gbádùn. A kò ní láti dúró de dókítà ọpọlọ fún gbogbo obìnrin tó bá ń sunkún.

Ìdajì kejì ẹ̀rí mi ló kù, òun gan-an ni mo tìtorí rẹ̀ mú bírò. Màmá fẹ́ kí àwa tó kù mọ iṣẹ́ náà kí òun tó fẹ̀yìn tì. Àwa òṣìṣẹ́ ìjọba mọ sẹ́mínà dáadáa. Wọ́n á kó wa lọ sí òtẹ́ẹ̀lì, wọ́n á fún wa ní jọ́tà àti bírò, ìrẹsì àti adìẹ, owó ọkọ̀, a ó ya fọ́tò, a ó lọ sílé. Lọ́jọ́ kejì, bí a ti ń kígbe mọ́ ìyá ọlọ́mọ tẹ́lẹ̀ la ó tún máa kígbe. Màmá ní èyí kò ṣeé kó sínú jọ́tà. Bí òun ṣe gbọ́ mi ni mo fi lè gbọ́ Dúrótìmí; bí wọn kò bá gbọ́ òṣìṣẹ́, òṣìṣẹ́ kò ní rí etí gbọ́ ìyá, ìyá kò sì ní rí ojú wo ọmọ.

Ó kó wa jọ ní tiẹ̀. Èmi àti CHEW kejì wà níbẹ̀, pẹ̀lú arákùnrin fisiotẹ́rápì tó ń na ọwọ́ àti ẹsẹ̀ fún àwọn ọmọ tí ara wọn le, obìnrin kan láti ẹ̀ka ìgbáyégbádùn ní káńsù, àti ìyá kan tó ń gba ọmọ tọ́jú nítòsí Ìyànà Ìbá. Ọ̀sẹ̀ méjì-méjì là ń jókòó, lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, tí iṣẹ́ bá ti parí. Ẹnì kan á mú ọ̀rọ̀ ìdílé kan wá, láìdárúkọ wọn. A kì í sáré sọ ohun tó yẹ kó ṣe. Ìbéèrè ni Màmá máa ń bi í. Kí lo rí? Kí ni ọmọ ń ṣe? Kí ni ìyá ń ṣe sí i? Ìwọ alára ńkọ́, kí ló ń ṣe ọ́ nígbà tí o wà níbẹ̀?

Ìbéèrè ìkẹyìn yẹn ló le jù. Nínú iṣẹ́ wa, ọmọdé kì í wo ojú ọ̀gá kó ní iṣẹ́ ń bí òun nínú, tàbí pé ìyá kan wà tí òun kò fẹ́ rí. Ọ̀gá ló ń kọ ìwé ìgbéga rẹ. Nígbà àkọ́kọ́, gbogbo wa ń sọ pé "A dúpẹ́, mà, kò sí wàhálà." Màmá rẹ́rìn-ín, ó wá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú tara rẹ̀. Ó ní ilé kan wà ní Igbó Ẹlẹ́rin tí ẹsẹ̀ òun kì í fẹ́ wọ̀, nítorí pé bí ọmọ ibẹ̀ ṣe ń mí ń rán òun létí àbúrò òun tó kú lọ́wọ́ òun nígbà tí òun wà lọ́mọdé. Yàrá pa lọ́lọ́. Ó ní ohun tí a bá sọ níbẹ̀ kò ní wọ fáìlì ẹnikẹ́ni, ó sì mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣẹ. Láti ọjọ́ náà ni ẹnu àwa tó kù ti là.

Ìyàwó oníṣòwò kan wà tí ọkọ rẹ̀ ń ta ẹ̀rọ ní ọjà Alábà. Ó máa ń sọ̀kalẹ̀ nínú jíìpù, ọmọ ọ̀dọ̀ ló máa ń gbé ọmọ wọlé, òun á máa tẹ fóònù. Mo sọ ọ́ níjòókòó pé inú máa ń bí mi bí mo bá rí i. Ó ní owó, ó ní ọmọ, kò sì wo ọmọ náà. Màmá kò bá mi wí. Ó ní, "Ta ni ìwọ náà mọ̀ tó máa ń wo fóònù?" Nígbà tó tún wá, n kò rí jíìpù mọ́, obìnrin kan ni mo rí. Mo bi í léèrè ìbéèrè tí Màmá bi mí: ta ló ń tọ́jú yín? Ìyá tó bí i lọ́mọ ti wá ṣe òmùgwọ́, ìyẹn ìtọ́jú ọlọ́mọ tuntun, ó ti padà sí Ánámbra. Ọkọ wà ní Ṣáínà, ó ń kó ọjà. Kò sí ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ di alẹ́. Ó sunkún níwájú òṣùwọ̀n mi. Ọmọ náà na ọwọ́ sí ojú rẹ̀, mo sì ní, "Ẹ wò ó, ó ti rí yín." Ìyẹn nìkan ni mo sọ.

Òmíràn ni ti ọmọ kan ní Ìbá Estate, àwọn ilé tí ìjọba Jákàńdè kọ́. Ojú rẹ̀ pọ́n lẹ́yìn tí wọ́n bí i, wọ́n ń sá a sí oòrùn, wọ́n ń fún un ní omi gúlúkóòsì, kó tó dé ọ̀dọ̀ oníṣègùn, àìsàn náà ti wọ ọpọlọ rẹ̀. Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ le gan-an. Arákùnrin fisiotẹ́rápì ń na án, ó ń kọ́ ìyá bí yóò ṣe máa na án nílé, ìyá kì í ṣe é, inú sì ń bí arákùnrin náà. Níjòókòó, nígbà tí wọ́n bi í pé kí ló rí, ó ní òun kò tíì wo ojú ìyá náà rí. Ẹsẹ̀ ọmọ lòun máa ń wò. Nígbà tó padà lọ, ó kọ́kọ́ jókòó. Ó rí i pé ọmọ náà máa ń ṣẹ́jú bí ìyá rẹ̀ bá sọ̀rọ̀. Ó fi han ìyá. Obìnrin náà ní wọ́n ti sọ fún òun pé ọmọ náà kò mọ nǹkan kan. Láti ìgbà tó ti mọ̀ pé ọmọ òun mọ ohùn òun, ó ń na ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń kì í bó ṣe ń nà án. Ọmọ náà kò tíì rìn. Ṣùgbọ́n ó ní ìyá báyìí.

Ìyá tó ní ilé ìtọ́jú ọmọ ló mú ọ̀rọ̀ àwọn bàbá wá. Ọ̀nà ibi iṣẹ́ ni kì í jẹ́ kí wọ́n rí ọmọ wọn: láti 2009 ni wọ́n ti ń fẹ ọ̀nà márosẹ̀ Badagry. Rélùwéè aláwọ̀ aró tí wọ́n ní yóò dé Okokomaiko bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò ní 2023, àmọ́ Mile 2 ló ń dúró sí. Ìyókù ni wọ́n ṣì ń kọ́ bí mo ṣe ń kọ èyí. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní Erékùṣù ń kúrò nílé kí àkùkọ tó kọ, ó ń wọlé nígbà tí ọmọ ti sùn. Àwọn ọmọ kan wà tó jẹ́ pé bí bàbá wọn bá gbé wọn ní Sátidé, igbe ni. Bàbá á bínú pé wọ́n ti kọ́ ọmọ òun pé kó kọ òun. Ìyá ilé ìtọ́jú ọmọ náà wá ń sọ fún wọn pé kí wọ́n jí ọmọ lójú oorun kí wọ́n tó jáde, kí wọ́n wẹ̀ ẹ́, kí wọ́n bá a sọ̀rọ̀, kó mọ òórùn àti ohùn wọn. Àwọn tó ṣe é ló ń padà wá dúpẹ́.

Àwọn tó ń béèrè ibi tí a ti ń rí àyè, nígbà tí ìlà abẹ́rẹ́ gùn dé ẹnu géètì, mo fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé kò gba àyè tó bí wọ́n ṣe rò. Orí òṣùwọ̀n náà ni. Bí mo bá ń wọn ọmọ, mo máa ń sọ ohun kan tí mo rí láàárín òun àti ìyá rẹ̀: ó ń wò yín, ó mọ ohùn yín, ẹ̀yin ló ń wá. Mo máa ń béèrè pé, "Ẹ̀yin ńkọ́, ṣé ẹ sùn?" Bí ojú ìyá bá yí padà, mo máa ń dá a dúró títí èrò yóò fi dínkù. Èdè ló máa ń dí wa lọ́wọ́ nígbà mìíràn. Hausa wà ní Alábà Rago, Ẹ̀gùn wà lọ́nà Badagry, Ìgbò wà níbi gbogbo, a kò sì lè pe ìyá mìíràn lórí ìlà wá túmọ̀ ohun àṣírí. A ṣì ń wá ọgbọ́n dá sí i.

Màmá ti fẹ̀yìn tì. CHEW kejì ti jáde lọ sí Ìlú Ọba. Wọ́n gbé obìnrin ìgbáyégbádùn lọ sí ìjọba ìbílẹ̀ mìíràn. Ìjókòó Ọjọ́bọ̀ kò dúró, nítorí pé ohun tí wọ́n kọ́ wa kò sí lórí ìwé tí ẹnì kan lè gbé lọ. Ó wà lára àwa tí wọ́n gbọ́. Èmi ni mo ń ṣe olùdarí rẹ̀ báyìí, àwọn ọmọdé iṣẹ́ tuntun sì ń bọ̀. Mo máa ń sọ tèmi kọ́kọ́, bí Màmá ṣe kọ́ wa. Dúrótìmí ti wọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ó mọ̀ pé òun ní ẹ̀gbọ́n kan tó ń jẹ́ Títílayọ̀.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí àwọn alága wa ní Ọ̀jọ́ àti ní Ìbá nìyí. Ní 2018, àjọ ìlera àgbáyé, UNICEF àti Báńkì Àgbáyé gbé ìlànà kan jáde lórí ohun márùn-ún tí ọmọdé nílò: ìlera, oúnjẹ, ààbò, ẹ̀kọ́ láti kékeré, àti olùtọ́jú tó ń dá ọmọ lóhùn. Mẹ́rin nínú rẹ̀ wà nínú ìwé ìṣúná yín. Ẹ fi ìkarùn-ún sí i. Kò ní ná yín ní mọ́tò. Ẹ fún àwọn òṣìṣẹ́ yín ní wákàtí kan lọ́sẹ̀ méjì-méjì láti jókòó, ẹ fún wọn ní àgbà kan tó mọ̀ ọ́n gbọ́, kí ẹ sì má ṣe kọ ohun tí wọ́n bá sọ níbẹ̀ sí fáìlì.

Ẹ̀yin ìyá ọkọ, ẹ̀yin àbúrò, ẹ̀yin ọ̀rẹ́: bí ọmọ bá kú fún obìnrin kan, ẹ bi í léèrè orúkọ ọmọ náà, kí ẹ sì jókòó gbọ́ èsì.

Ìwọ ìyá tó ń ka èyí, tí o bímọ tí o kò rí ìfẹ́ ọmọ náà lọ́kàn rẹ, tí gbogbo ènìyàn ń kí ọ kú oríire: ó lè jẹ́ àìsàn, ó sì ní ìtọ́jú. Lọ́la, lọ sí ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé tó sún mọ́ ọ, kí o sì sọ ọ́ fún wọn. Má dúró de ọjọ́ abẹ́rẹ́.